Ọwọ́ Òsì Táíwò

Rọ́fí ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí, torí èmi ò mọ̀wé. Mo ti ní kó kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kó má bá mi tún un ṣe. Ohun tó fà á ni pé, nígbà tí wọ́n ń kun ilé lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò rẹ̀ kékeré yọ férémù kan kúrò lára ògiri yàrá mi, ó gbé e wá bá mi, ó ní, “Màmá Àgbà, kí ló dé tí ẹ ya fọ́tò kan náà lẹ́ẹ̀mejì?” Mo ní kì í ṣe kan náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀yin náà ni méjèèjì, ẹ wò ó.” Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọlé, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo àwọn tó lè bá mi sọ fún ọmọ yẹn pé kì í ṣe kan náà ti kú tán. Bí èmi náà bá lọ láìsọ ọ́, ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn á kú lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá Àgbà mi ló ya fọ́tò náà, bàbá tó bí bàbá mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Agége ni wọ́n gbó sí. Bàbá Onífọ́tò ni gbogbo ènìyàn ń pè wọ́n. Sọ́ọ̀bù wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin, nítòsí ibi tí àwọn Háúsá ti ń di gorò sínú apẹ̀rẹ̀, nígbà tí òmìnira ò tíì dé. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, ògiri á kọ́kọ́ gbọ̀n, lẹ́yìn náà igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà dúró lé. Bàbá á na ọwọ́ sí ẹni tó jókòó síwájú wọn, wọ́n á ní, “Má mí. Jẹ́ kí irin lọ.”

Mo lè gbọ́ ohùn yẹn báyìí tí mo ń sọ̀rọ̀.

Wọ́n ga, wọ́n sì tín-ín-rín. Ìka ọwọ́ ọ̀tún wọn ti pọ́n bíi gorò nítorí oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò, kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa, òórùn omi ògì tó ti kan ni a máa ń gbọ́. Agbádá wọn ò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n kámẹ́rà wọn, ẹ ò ní lè kà á. Èyí tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ò ju ọ̀kan, èyí tó ní aṣọ dúdú tí wọ́n ń dà borí. Àwọn yòókù, òkú ni gbogbo wọn. Bí Bàbá bá ti gbọ́ pé òyìnbó kan ń kẹ́rù kúrò ní Ìkẹjà, níbi tí pápá ọkọ̀ òfuurufú wà, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ lọ, kí wọ́n lè bèèrè bóyá kámẹ́rà tó bàjẹ́ wà nínú ohun tí òyìnbó náà fẹ́ dà nù. Bàbá fi ìṣó kọ́ àwọn kámẹ́rà náà sára ògiri yàrá wọn, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tí ojú rẹ̀ kì í ṣí ń jẹ́ Alágídí. Èyí tó ń hó bí ẹni tó ní ikọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ ń jẹ́ Ìyá Oníkọ́. Ìyá mi, Màámi, ló máa ń gbá yàrá náà. Lọ́jọ́ kan Màámi ní, “Bàbá, mi ò lè gbá ibí mọ́ o, ojú ti pọ̀ jù lára mi.” Bàbá ní, “Gbá a, Ìyá Ìbejì. Kò sí èyí tó ríran nínú wọn. Ọsibítù ni ibí.”

Ìyá Ìbejì ni wọ́n ń pe Màámi nítorí wa. Èmi ni Kẹ́hìndé. Táíwò ló kọ́kọ́ jáde, èmi ni mo rán an níṣẹ́, nítorí náà àbúrò mi ni.

Màá padà sórí Táíwò. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kóòtù.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sí ọ̀nà Ìkẹjà, àwọn tó ń wáṣẹ́ máa ń wá ya fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ káàdì. Òmíràn ò ní ẹ̀wù kankan àfi dàńṣíkí tó wọ̀ wá láti ìlú. Bàbá ní kóòtù dúdú kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Wọ́n ti fi àlùmọ́gàjí la ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìdí, kó lè gba ẹni tó sanra àti ẹni tó rù. Ọkùnrin kan wọ̀ ọ́ lójú mi, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yìn mi wà níta.” Bàbá ti wà lábẹ́ aṣọ dúdú nígbà yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a lóhùn: “Fọ́tò ò ní ẹ̀yìn. Gbé àgbọ̀n sókè, kí wọ́n má rò pé o wá tọrọ jẹ.”

Wọ́n lè la kóòtù, ṣùgbọ́n irọ́ kan wà tí wọn kì í pa. Bàbá kì í jẹ́ kí ọ̀tún ènìyàn di òsì.

Mo ní láti ṣàlàyé èyí, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé. Láyé ìgbà yẹn, àwòrán kọ́kọ́ ń wà lára dígí tàbí fíìmù, níbi tí ènìyàn dúdú ti máa ń funfun. Ìhà méjì ló ní. Ọ̀kan ń dán, ọ̀kan ò dán. Ìhà tí kò dán ló gbọ́dọ̀ kan bébà tí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá ṣì í dé, fọ́tò á jáde, á sì dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún á ti di òsì. Ọdún Iléyá kan, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ Bàbá, wọ́n ṣì í dé. Àfi bí Ááfà àdúgbò wa ṣe dé sọ́ọ̀bù pẹ̀lú fọ́tò tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti gbé Kùránì sí àyà nínú rẹ̀.

“Bàbá Onífọ́tò, ọwọ́ wo nìyí?”

Bàbá wò ó. “Òsì ni, Ááfà.”

“Èmi, mo fi òsì gbé Kùránì? Àwọn ọmọ kéú mi ti rí i. Ọ̀kan bi mí bóyá òsì náà ni mo fi ń jẹun nílé.”

Bàbá gba fọ́tò náà, wọ́n fà á ya sí méjì, wọ́n tún fà á ya sí mẹ́rin. Ááfà di àyà mú. “Èmi lẹ ń fà ya yẹn?”

“Irọ́ ni mo fà ya,” Bàbá ní. “Ẹ jókòó, màá tẹ ẹ̀yin gan-an.”

Títí Ááfà fi lọ, Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n yíjú sí èmi àti Táíwò tí a ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ní, “Fọ́tò tó bá sọ ọ̀tún di òsì, kò yàtọ̀ sí ẹlẹ́rìí èké.”

Táíwò gbé ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. Ọlọ́wọ́ òsì ni Táíwò.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ bó ṣe rí. Ní ilé wa nígbà yẹn, ọmọ tó bá fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ti bú àgbà náà. Táíwò ò ní ìwà burúkú kankan, òsì rẹ̀ ló máa ń yá ju ọ̀tún lọ. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀, bóyá ju bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ tún un ṣe. Wọ́n fa etí aṣọ funfun kan ya, tó gùn tó apá. Bí a bá ti fẹ́ jẹun, wọ́n á fi de ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí a bá jẹun tán, wọ́n á tú u, wọ́n á fi aṣọ náà kọ́ sórí ìṣó láàárín àwọn kámẹ́rà. Bí Bàbá ò bá sì sí nílé, èmi ni ẹlẹ́rìí wọn. Wọ́n á kàn wọlé ni, mo ti ní, “Bàbá, ó tún fi òsì jẹ búrẹ́dì.” Táíwò á wò mí. Kì í sunkún. Lọ́jọ́ kan ó sọ fún Bàbá pé, “Bàbá, ọ̀tún mi kì í gbọ́ ohun tí mo bá sọ fún un.”

Bàbá ní, “Á gbọ́. A ní àkókò.”

Irú ‘a ní àkókò’ yẹn náà ni wọ́n fi ń dá Màámi lóhùn nípa fọ́tò. Bàbá ò yà wá rí. Gbogbo ọmọ àdúgbò ni wọ́n ti yà, ọmọ onígorò, ọmọ aláfọ̀ṣọ, ọmọ ọlọ́jà. Bí Màámi bá ní, “Bàbá, àwọn ọmọ yìí ń dàgbà o,” Bàbá á ní, “Jẹ́ kí n parí Ìbejì ná.” Ìbejì yẹn kì í ṣe àwa. Kámẹ́rà ni. Wọ́n rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ òyìnbó kan ní Ìkẹjà, ó ní ojú méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ojú ìsàlẹ̀ ló ń ya fọ́tò. Ojú òkè ń fi ohun tí wọ́n fẹ́ yà han ẹni tó ń yà á. Onítọ̀hún á gbé kámẹ́rà náà sí àyà, á máa wo inú rẹ̀ láti òkè, bí ẹni tó ń wo inú kànga. Òyìnbó náà ò fún wọn ní tirẹ̀, Bàbá sì ní àwọn á kan tiwọn, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi yà wá. Wọ́n fi pákó àpótí tíì ṣe ara rẹ̀. Wọ́n yọ ojú Alágídí, wọ́n yọ ojú Ìyá Oníkọ́. Wọ́n fi yanrìn àti omi ha dígí kékeré kan títí ó fi rí bí ojú tó ti fọ́, kí àwòrán lè dúró lé e. Ó wá ku dígí ìwojú kan tó máa dábùú nínú ojú òkè.

Màámi ní dígí ìwojú tó bá ẹrù ìyàwó wọn wá. Àwọn fúnra wọn ló mú un wá, tí wọ́n kúnlẹ̀, tí wọ́n fi lé Bàbá lọ́wọ́. “Torí àwọn ọmọ ni o, Bàbá.”

Bàbá gé dígí náà. Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì ò gbà láti jọ rìn. Bí ti òkè bá mọ́lẹ̀ kedere, ti ìsàlẹ̀ á ṣú. Odidi ọdún kan ni Bàbá ń tú u tí wọ́n ń tò ó. Wọ́n á ní, “Àwọn ìbejì yìí ń jà. Bí wọ́n bá ti parí ìjà, màá pè yín.”

Ibà mú Táíwò ní ọjọ́ Àtìní. Eyín iwájú wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni. Ní Àlàrùba, Bàbá jókòó tì í, Màámi ń fi omi tútù nu ẹsẹ̀ rẹ̀, èmi wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Táíwò ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Bàbá gbé ife omi sí i. Táíwò na ọwọ́ òsì. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá fa ife náà sẹ́yìn díẹ̀. Wọn ò ronú sí i, ó ti mọ́ wọn lára ni. Wọ́n ní, “Ọ̀tún dà?” Táíwò gbé òsì sílẹ̀, ó wá ọ̀tún rẹ̀ jáde lábẹ́ aṣọ, ó fi gbá ife náà mú. Omi dà sí i láyà. Èyí tó kù nínú ife ò tó nǹkan, ó mu ún.

Ní àárọ̀ Àlàmísì, Táíwò ti lọ. Kí wọ́n tó wé e, ará ilé kan ní kí Bàbá tètè yà á. Bàbá gbé kámẹ́rà aláṣọ dúdú, wọ́n rìn dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé e padà. “Ojú rẹ̀ ti padé,” wọ́n ní. “Kí ni mo fẹ́ yà?”

Lẹ́yìn ìsìnkú ni Màámi sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ní àgbàlá ni, lójú gbogbo ènìyàn. Wọn ò pariwo. “Gbogbo Agége lẹ yà, Bàbá. Ẹ ò ya Táíwò.” Láti ọjọ́ náà, Màámi ò bá Bàbá sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyàwó ilé ni wọ́n, wọn ò lè bú bàbá ọkọ wọn, wọn ò sì lè pa iṣẹ́ tì. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún Bàbá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, wọ́n ń kúnlẹ̀, wọ́n ń gbé e kalẹ̀, wọ́n ń dìde. Bàbá á ní, “O ṣé, Ìyá Ìbejì.” Ẹ̀yìn Màámi ló máa ń gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà òjò, ọyẹ́ sì dé bá a bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, ọkọ Màámi, ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ojú irin, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, wọn ò rí i tó bí èmi ṣe rí i.

Fún èmi, wọ́n ní Táíwò lọ kí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo máa ń lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin lásìkò tí ọkọ̀ ń ti òkè bọ̀. Bàbá á ti sọ́ọ̀bù jáde wá dúró tì mí. Ọkọ̀ á kọjá, ilẹ̀ á gbọ̀n. Bàbá ò ní kí n má mí mọ́. Ìgbà kan ni wọ́n sọ̀rọ̀, tí wọ́n ní, “Ṣé o ṣì rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín? Má gbàgbé, èmi ti ń ṣì í mú.”

Àwọn kan ní kí wọ́n gbẹ́ ère fún Táíwò. Màámi ní kò sí ère nílé àwọn. Àwọn míràn ní kí Bàbá ṣe bí àwọn onífọ́tò kan ṣe ń ṣe fún ẹni tí ọ̀kan nínú ìbejì rẹ̀ bá lọ, kí wọ́n ya èyí tó kù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n lẹ̀ wọ́n pọ̀. Bàbá ti kọ̀ ọ́ fún àwọn oníbàárà tipẹ́. Wọ́n ní ọmọ kan kì í ṣe ọmọ méjì.

Nínú ọyẹ́ yẹn ni ojú méjèèjì kámẹ́rà Ìbejì gbà láti jọ rìn.

Bàbá pè mí láàárọ̀. Wọ́n ní kí n wọ aṣọ búlùù, èyí tí àwa méjèèjì ní irú rẹ̀. Wọ́n fún mi ní búrẹ́dì kan mú, mo fi ọ̀tún mú un, bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo dúró síwájú ògiri. Bàbá gbé Ìbejì sí àyà, wọ́n tẹrí ba, wọ́n ń wo inú rẹ̀. Wọn ò gbé orí sókè. Mo di èémí mú, ó pọ̀ jù fún mi.

“Bàbá, ṣé kí n máa mí?”

Mo rí i tí omi ń já láti ojú wọn sínú kámẹ́rà náà.

“Bàbá, mo ti ń mí o.”

“Dúró bẹ́ẹ̀,” wọ́n ní. “Ó wà níbí.”

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí kí n wò ó. Wọ́n gbé búrẹ́dì lé orí àga, lápá ọ̀tún mi. Mo wo inú ojú òkè, búrẹ́dì náà wà lápá òsì. Bí dígí ìwojú ṣe máa ń yí nǹkan ni. Dígí Màámi ló ń yí i. Bàbá mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó kan kámẹ́rà náà, àwọn ló gé dígí. Ṣùgbọ́n wọn ò tíì wo èmi rí nínú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n rí níbẹ̀ ń fi òsì mú búrẹ́dì, aṣọ rẹ̀ búlùù, kò sì sẹ́ni tó de ọwọ́ rẹ̀.

Wọ́n mú mi wọ yàrá òkùnkùn. Wọ́n tẹ èyí àkọ́kọ́ bó ṣe tọ́, ìhà tí kò dán lé bébà. Èmi nìyẹn. Wọ́n wá yí fíìmù náà sódì. Ọwọ́ wọn dúró lókè díẹ̀, bí ìgbà tí ife omi Táíwò dúró lọ́jọ́sí. Wọ́n dé e. Nígbà tí wọ́n ti bébà náà bọ oògùn, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀, aṣọ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà ojú, lẹ́yìn náà ọwọ́. Mo ní, “Bàbá, ẹ ṣì í dé.” Wọ́n ní, “Dákẹ́. Má fẹjọ́ rẹ̀ sùn lónìí.”

Nígbà tí Màámi gbé oúnjẹ wá lọ́jọ́ kejì, tí wọ́n kúnlẹ̀, Bàbá na páálí kan sí wọn tí wọ́n ti lẹ fọ́tò méjèèjì mọ́. Màámi gbà á torí pé àgbà ló nà án. Wọ́n wò ó, wọ́n fẹ́ gbé e kalẹ̀. Ojú wọn wá bọ́ sí ọwọ́ náà. Wọ́n fi àtàǹpàkò kàn án.

“Òsì ló fi mú un,” Màámi ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ ò dè é.”

“Mi ò dè é mọ́, Ìyá Ìbejì.”

Màámi ò dìde lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Wọ́n sunkún níbẹ̀ títí ọbẹ̀ fi dì. Bàbá ò jẹun, wọn ò sì ní kí Màámi dákẹ́. Nígbà tó yá Màámi ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e kaná.” Èyí àti ọ̀rọ̀ ọwọ́ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bá Bàbá sọ láti ìgbà òjò.

Bàbá ò fi kámẹ́rà yẹn ya ẹlòmíràn. Wọ́n tú u, wọ́n nu dígí ìwojú náà, wọ́n dá a padà fún Màámi bí wọ́n ṣe gé e. Ọdún méjì lẹ́yìn náà Bàbá kú lójú oorun, òmìnira ò bá wọn láyé. Nígbà tí wọ́n ń kó yàrá wọn, a ká gbogbo kámẹ́rà sílẹ̀. Aṣọ funfun náà ṣì wà lórí ìṣó rẹ̀. Màámi mú un, wọ́n jù ú sínú iná ìdáná.

Rọ́fí, yọ páálí náà kúrò nínú férémù. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá ní fọ́tò ò ní ẹ̀yìn. Èyí ní. Kọ ọ́ síbẹ̀ kí gbogbo yín lè rí i: èyí tó fi ọ̀tún mú búrẹ́dì, Kẹ́hìndé ni, èmi ni mo máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Èyí tó fi òsì mú un, Táíwò ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́.